Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ni Àpótí Ẹrù Òkè Orí Nínú Bàálù?

Lẹ́tà yín lórí ẹrù bàálù pọ̀ débi pé a ní láti ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún nǹkan kan ṣoṣo: àpótí tó wà lókè orí, tí èrò àti òṣìṣẹ́ jọ ń lò, tí wọ́n sì ń torí rẹ̀ fojú burúkú wo ara wọn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a ò yí ohun tí ẹ béèrè padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wọ bàálù abẹ́lé kan ní Houston. Ìlà 7 ni ìjókòó mi, mo sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Bí mo ṣe ṣí àpótí òkè orí mi, báàgì dúdú mẹ́ta ti kún ibẹ̀ bámúbámú, ti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ìlà 19 ni báàgì tèmi balẹ̀ sí. Èmi tí mo sanwó ìjókòó, ṣé èmi kọ́ ni mo ni àpótí tó wà lókè rẹ̀ ni? (Bàbá Tọ́lá, Houston)

Èsì: Ẹ̀yin kọ́ o, Bàbá Tọ́lá. Ìjókòó ni tíkẹ́ẹ̀tì yín rà, pẹ̀lú àyè abẹ́ àga tó wà níwájú yín. Gbogbo ẹni tó wà nínú bàálù ló ni àpótí òkè, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gbé nǹkan sí i. Òfin 121.589 ti FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ti gbogbo ilẹ̀kùn èrò kí bàálù tó kúrò nídìí géètì, àfi tí òṣìṣẹ́ kan bá ti rí i dájú pé gbogbo báàgì ti wà níbi tó yẹ kó wà. Báàgì òṣìṣẹ́ wà nínú "gbogbo" yẹn. Òfin náà ò sọ pé ti èrò ni kó ṣáájú, kò sì sọ pé ti òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ tún wo ìdí tí báàgì wọn fi ń wà lókè. Òṣìṣẹ́ tó bá yín kúrò ní Houston lè wọ bàálù mìíràn ní ìlú tí ẹ bá dé, kó tún wọ ẹ̀kẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, kó wá lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ̀ ọ́n. Bí báàgì rẹ̀ bá wà lábẹ́ bàálù, á ní láti máa dúró dè é níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, nígbà tí bàálù tó kàn ti ń gba èrò. Nínú bàálù ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, irú 777 tàbí A350, kọ́bọ́ọ̀dù àti yàrá ìsinmi wà fún wọn. Nínú bàálù tó kéré sí wọn, irú 737, àyè ẹrù òṣìṣẹ́ ò tó nǹkan, yàrá awakọ̀ gan-an sì há. Ó tiẹ̀ ti burú jù báyìí lọ rí: báàgì ìwé àti àwòrán ọ̀nà tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń wọ́ kiri tó nǹkan bíi kílò 16. Ní ọdún 2013 ni American Airlines parí kíkó àwọn ìwé yẹn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó ló wá dá kún ìjà yìí. Oṣù kẹfà ọdún 2008 ni American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 15 lórí báàgì àkọ́kọ́ tí èrò bá fẹ́ kó sí abẹ́ bàálù. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù fi tẹ̀lé e. Ẹni tí ò fẹ́ san án bá rọ́ ẹrù rẹ̀ wọ inú bàálù, bẹ́ẹ̀ àpótí òkè ò sì fẹ̀ sí i nígbà yẹn.

Pẹ̀lú gbogbo àlàyé wọ̀nyí, báàgì òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní ìlà 7 ò bójú mu lójú tiwa. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kó tirẹ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá, torí òun náà ló máa jáde kẹ́yìn. Bí àpótí náà ò bá ní àmì òṣìṣẹ́ lára, ẹ pe ẹni tó bá wà nítòsí, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè síwájú ìjókòó mi." Ọ̀rọ̀ "síwájú" yẹn ṣe pàtàkì. Báàgì tó wà níwájú yín, ẹ ó gbé e bí ẹ ṣe ń jáde lọ. Èyí tó bá wà lẹ́yìn, àfi kí ẹ jókòó títí gbogbo èrò á fi kọjá tán, torí kò sẹ́ni tó lè tako èrò ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀nà tóóró yẹn. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín sọ báàgì wọn kalẹ̀, ohun tó lè mú kí wọ́n ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Àpótí kan wà nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àyè rẹpẹtẹ ló wà nínú rẹ̀. Mo ju jákẹ́ẹ̀tì mi síbẹ̀, òṣìṣẹ́ obìnrin kan sáré wá yọ ọ́ bí ẹni pé ejò ni mo gbé sí i. Jákẹ́ẹ̀tì lásán! (Ẹni tínú ń bí, Leeds)

Èsì: Ẹ má bínú sí i. Àpótí tí wọ́n bá lẹ àmì irinṣẹ́ pàjáwìrì mọ́, àtèrò àtòṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó ẹrù ara rẹ̀ sí i. Inú irú rẹ̀ ni agolo ọ́síjìn tí wọ́n ń gbé lọ bá ẹni tí ò lè mí dáadáa máa ń wà, pẹ̀lú agolo ìpaná, ìbòrí tí òṣìṣẹ́ ń dé sórí kó lè rí afẹ́fẹ́ mí nínú èéfín, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè, àpótí oògùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí. Nínú àwọn bàálù kan tó ń sọdá òkun, ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ká náà wà lókè níbẹ̀.

Kí ẹ tó wọlé ni òṣìṣẹ́ ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti wo abẹ́rẹ́ ara agolo ìpaná bóyá ó wà lójú ibi àwọ̀ ewé, ó ti wo iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú agolo ọ́síjìn, ó sì ti wo èdìdì àpótí oògùn bóyá ẹnikẹ́ni ti já a. Bẹ́líìtì ló so agolo kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri. Bí apá jákẹ́ẹ̀tì bá lọ́ mọ́ bẹ́líìtì yẹn, ẹni tó bá ń wá agolo nínú èéfín á kọ́kọ́ máa tú aṣọ yín. Àyè tí ẹ rí níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún.

Ìbéèrè: Ìwọ̀n báàgì mi bá ohun tí wọ́n kọ mu. Síbẹ̀, nínú bàálù kan ilẹ̀kùn àpótí á pa dé wẹ́rẹ́, nínú òmíràn kò ní pa dé. Kí ló ń fà á? Báwo la ṣe ń tò ó? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

Èsì: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi yín, Ìyá Ìbejì: ṣé ẹ wọn kẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ báàgì náà mọ́ ọn? Ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀bù ń kọ sára báàgì máa ń jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ bàálù ń kà ni ìwọ̀n láti orí ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́. Àpò iwájú tí ẹ ki ṣálẹ̀ àti ìpápánu sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 22 sí 14 sí 9 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbà, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 56 sí 36 sí 23. Iye kan náà ni Virgin Atlantic ń lò, pẹ̀lú kílò 10 fún ìjókòó gbogboogbò. British Airways gba 56 sí 45 sí 25, tó tó kílò 23. Báàgì tí wọ́n fayọ̀ gbà ní ọ̀kan lè di ìjọ̀ngbọ̀n ní èkejì, bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni àwọn méjèèjì ń lọ.

Irú bàálù ló tún kàn. Àpótí 737 tó ti pẹ́ ò ga, ńṣe ni báàgì ń sùn pẹrẹsẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Boeing, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe 737, ṣe irú èyí tí gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá èèyàn, tó ń gba báàgì 4. Nígbà tó di 2015, Alaska Airlines kọ́kọ́ gba àpótí tuntun tó jìn sókè, tó ń gba 6, ṣùgbọ́n kìkì bí báàgì bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìwé ṣe ń dúró lórí pẹpẹ. Airbus náà ṣe ti A321 tó ń gba 8. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti mọ́ lára láti tẹ́ báàgì pẹrẹsẹ á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àpótí tuntun, báàgì rẹ̀ kan á sì jẹ àyè méjì. Ẹ wo inú ilẹ̀kùn àpótí náà, wọ́n sábà máa ń lẹ àwòrán bó ṣe yẹ ká tò ó síbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe gbé e rèé. Níbi tí ẹ ti tò sí kí ẹ tó wọ bàálù ni kí ẹ ti mú gíláàsì, oògùn àti fóònù jáde. Bí ẹ bá dé ìlà yín, ẹ yà sí iwájú àga kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè kọjá. Ẹ gbé báàgì lé etí àga ná, ẹ fi ọwọ́ kan di ọwọ́ òkè rẹ̀ mú, kí èkejì wà nísàlẹ̀, kí báàgì fara mọ́ àyà yín bí ẹ ṣe ń gbé e sókè. Kẹ̀kẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Nínú àpótí àtijọ́, bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáájú, kẹ̀kẹ́ á yọ síta, ilẹ̀kùn ò ní pa dé: ìdajì ẹjọ́ "kò wọ̀" tí à ń gbọ́ ò ju ìyẹn náà lọ. Jákẹ́ẹ̀tì, fìlà àti àpò kékeré, ẹ mú wọn dání títí gbogbo báàgì ńlá á fi wọlé tán, kí ẹ tó ki wọ́n sí àárín àlàfo.

Ilẹ̀kùn tí ò bá pa dé pẹ̀lú ìtẹ̀ ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ má gbá a. Bí ìdè rẹ̀ bá kán, wọn ò ní jẹ́ kí bàálù gbéra pẹ̀lú ẹrù nínú àpótí náà. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn pé ó ti bàjẹ́, àkókò á sì máa lọ.

Ẹ tún béèrè nínú lẹ́tà yín ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ò fi fẹ́ bá yín gbé e. Ejìká àti ẹ̀yìn wọn ni. Ẹni tó bá bá èrò mẹ́wàá gbé báàgì nínú bàálù kan, tó sì tún wọ bàálù mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kò ní pẹ́ dé ilé ìwòsàn. Ní Amẹ́ríkà, ó ní ohun mìíràn tó wà ńbẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé ni owó wákàtí wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ bàálù Delta bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó wákàtí fún àkókò tí èrò ń wọlé. Bí ọjọ́ orí tàbí àìlera ò bá jẹ́ kí ẹ lè gbé e, ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, kí wọ́n kọ ìrànlọ́wọ́ sí orúkọ yín. Àbí kí ẹ kúkú kó ohun tó wúwo sínú àpò tó lè gba abẹ́ àga.

Ìbéèrè: Nídìí géètì ni wọ́n ti sọ fún mi pé òkè ti kún, wọ́n gba báàgì ọwọ́ mi, wọ́n so lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Kí ló yẹ kí n yọ kí n tó fi í lé wọn lọ́wọ́? (Adé, Dublin)

Èsì: Páwà báǹkì ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù èyíkéyìí tí kò sí nínú ẹ̀rọ, àti sìgá oníbátìrì. Òfin ò gbà wọ́n lábẹ́ bàálù rárá, torí bí wọ́n bá gbiná níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni pásípọ́ọ̀tù, oògùn, kọ́kọ́rọ́ ilé, owó, góòlù àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbọ́n á ti kó gbogbo ìwọ̀nyí sínú àpò aṣọ pẹlẹbẹ kan láti ilé, á sì gbé e sí ẹnu báàgì gan-an. Bí wọ́n bá ní "ẹ mú un wá", fífà ló kù.

Ní ti agbára bátìrì, ohun tí ilé iṣẹ́ bàálù ń béèrè ni Wh (watt-hour), bẹ́ẹ̀ mAh (milliampere-hour) ni wọ́n sábà ń kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Ẹ fi mAh lọ́nà 3.7, kí ẹ pín in sí 1,000. Páwà báǹkì 20,000 mAh jẹ́ Wh 74, kò sí wàhálà. Èyí tó jẹ́ 30,000 jẹ́ Wh 111, ó ti kọjá 100, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó bá ju 160 lọ, ẹ fi í sílé. Èyí tí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní rí àwíjàre kankan wí.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì, kí ẹ wá sọ ọ́ sínú àpótí òkè. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, iná sọ láti inú àpótí òkè, lápá ẹ̀yìn bàálù A321 ti Air Busan, ní pápákọ̀ Gimhae ní Gúúsù Kòríà. Ilẹ̀ ni bàálù náà ṣì wà, àwọn 176 tó wà nínú rẹ̀ sì jáde, àmọ́ òrùlé bàálù jóná. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní ó jọ pé páwà báǹkì ló fà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Kòríà ti ní kò gbọdọ̀ sí páwà báǹkì nínú àpótí òkè mọ́. Ilé iṣẹ́ bàálù Emirates náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2025, gba ẹyọ kan péré tí kò tó Wh 100, wọn ò gbà kí èèyàn lò ó nínú bàálù, àpò ẹ̀yìn àga tàbí abẹ́ àga sì ni ó gbọdọ̀ wà. Ó yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bàálù gbogbo, ì báà má jẹ́ òfin níbẹ̀: bí ó bá ń gbóná níwájú yín, ẹ ó tètè mọ̀, ẹ ó sì pe òṣìṣẹ́ kó tó di iná.

Ìbéèrè: Ìyá mi ń bọ̀ ní Atlanta láti Èkó. Ó ní òun á kó èlùbọ́, gàrí àti ata gígún sínú báàgì ọwọ́ kí wọ́n má bàa sọnù. Ṣé wọ́n á gbà? (Fọláṣadé, Atlanta)

Èsì: Ẹ bẹ màmá kí wọ́n kó o sí abẹ́ bàálù. Láti òpin oṣù kẹfà ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà ti ń gba èrò nímọ̀ràn pé kí ohun lẹ́búlẹ́bú tó bá ju mílílítà 350 lọ, ìyẹn nǹkan bí agolo mínírà kan, wà nínú ẹrù abẹ́ fún ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Èyí tó bá wà lọ́wọ́, wọ́n lè tú u wò, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò bá sì dá wọn lójú, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Epo pupa, oyin àti ọbẹ̀ wà lábẹ́ òfin ohun olómi: ìgò tí ò ju mílílítà 100 lọ, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá lítà kan. Ìgò epo 100 ò sì lè se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n sọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé oúnjẹ wà nínú ẹrù wọn.

Ohun kan tún kù: kí wọ́n má gbé báàgì Ghana-must-go wá sínú bàálù. Kò ní egungun, ńṣe ló ń fẹ̀ kún àpótí láti ògiri dé ògiri, kò ṣe é dúró lórí ẹ̀gbẹ́, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ yọ bí òkè bá kún. Bí ìjókòó wọn bá wà lójú ògiri, níbi tí kò sí àga níwájú, gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan hánbáàgì, á lọ sókè kí bàálù tó gbéra. Kí oògùn wà nínú àpò aṣọ wọn.

Ìbéèrè: Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ṣé n kò lè mú báàgì tí sátífíkéètì mi wà nínú rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Manchester)

Èsì: Ẹ ò lè mú un. Kí wọ́n tó gba irú bàálù kan láyè láti máa gbé èrò, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èèyàn lè jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 90 nígbà tí ìdajì ilẹ̀kùn ò bá ṣí. Kò sí àyè ṣíṣí àpótí nínú ìṣirò yẹn. Ní Haneda, Tokyo, ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines jóná di eérú, àwọn 379 tó wà nínú rẹ̀ sì jáde láàyè, báàgì wọn ló kù sínú iná. Sátífíkéètì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Pásípọ́ọ̀tù, ẹ fi í sára.

Ìbéèrè: Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, ẹnì kan ṣí àpótí òkè, ìgò wáìnì já lu orí ìyàwó mi. Orí rẹ̀ wú, wọ́n fún un ní yìnyín, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ta la máa mú? (T.A., Croydon)

Èsì: Ẹ kú ewu o. Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àdéhùn Montreal ọdún 1999, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ìrìnàjò bàálù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òun ló sì ń darí ìrìnàjò yín. Abala 17 rẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ bàálù ló máa dáhùn fún ìpalára tí ìjàǹbá inú bàálù bá ṣe fún ara èrò, ilé ẹjọ́ sì sábà máa ń ka ẹrù tó já bọ́ láti òkè sí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ èrò mìíràn ló ṣí àpótí. Títí dé SDR 151,880, ìyẹn owó ìṣirò àjọ IMF, wọn ò lè sọ pé àwọn ò jẹ̀bi kí wọ́n fi bọ́. Àmọ́, bí ẹni tó fara pa bá wà lára àwọn tó fà á, wọ́n lè dín in kù.

Ti báàgì yàtọ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín tàbí nínú àpótí òkè, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ̀bi òṣìṣẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá gbà nídìí géètì, tí wọ́n so lébẹ́ẹ̀lì mọ́, ti di ẹrù abẹ́: wọ́n máa dáhùn fún un títí dé SDR 1,519, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ gbà á bí ó bá bàjẹ́. Adé ti Dublin, ẹ tọ́jú pélébé lébẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ wá orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbé yìnyín wá, nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, ìlà àti ìjókòó. Ẹ kọ̀wé béèrè fún àkọsílẹ̀ tí olórí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe nígbà yẹn. Ẹ lọ rí dókítà kódà bí wíwú náà bá ti lọ, kí ìwé ìwòsàn wà, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò àti rìsíìtì. Ọdún 2 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́, ọjọ́ tí bàálù yín balẹ̀ ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.